Igi Tí Kò Jóná Mọ́

Dúkù ni mo ti sọ̀, oòrùn ti ń ta.
Ọ̀kadà gbé mi dé Wúrò Dólé,
òòlù àti irin ṣóńṣó nínú àpò,
omi ọ̀rá méjì, ìlàjì búrẹ́dì.
Hamanjódà ṣíwájú mi wọ ipa odò gbígbẹ,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ń da ewúrẹ́, ó ń da èmi náà.
"Má wòkè," ó ní, "ohun tó ò ń wá ti wó tipẹ́."

Òkúta pọ̀ níbẹ̀ bí irọ́.
Mo gbé ọ̀kan, mo tutọ́ sí i, mo fi àtàǹpàkò nù ún:
yangí lásán. Mo sọ ọ́ nù.
Mo gbé òmíràn, mo tún tutọ́ sí i,
títí itọ́ fi tán lẹ́nu mi.
Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ègé méjì péré.
Ọ̀kan ti sán jìnnà.
Ọ̀kan ní ihò kòkòrò:
ẹni tó jẹun tán tó bá tirẹ̀ lọ,
tí àwo rẹ̀ di òkúta lẹ́yìn rẹ̀.

Àfi bá a ṣe dé ilé ìyá ìyá rẹ̀
tí mo rí ààrò.
Méjì nínú rẹ̀, òkúta bí òkúta.
Ẹ̀kẹta (mo kúnlẹ̀, wọ́n rò pé mo ń kí wọn ni)
ẹ̀kẹta ní èèpo. Ó ní kókó níbi tí ẹ̀ka ti yọ.
Èéfín ti kùn ún dúdú,
ṣùgbọ́n ibi tó ti sán ń dán bí oyin ìgàn.
Igi ń jó lábẹ́ ìkòkò,
igi ló gbé ìkòkò dúró.

Mo dárúkọ owó. Hamanjódà fi èdè Fúlàní túmọ̀ rẹ̀.
Inna Àsítà ò tilẹ̀ wò mí, ọbẹ̀ ni wọ́n ń rò.
Mo fi kún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ní, ṣé owó lè gbé ìkòkò ni?
Mo bá lọ wá òkúta rìbìtì kan wá,
a ò ṣáà lè fi ààrò méjì se ọbẹ̀.
A gbé e sínú iná. Kò pẹ́, ó bú gbàù!
Ewúrẹ́ sá, ọbẹ̀ kúkà dà sínú eérú.
Inna Àsítà wá wò mí wàyí,
èmi tí mo ní mo mọ òkúta.

Èèpo kékeré kan, kò ju ìka méjì lọ,
tó ti bọ́ lára ààrò náà láti ọjọ́ pípẹ́,
ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń lọ. Wọn ò gbowó.
Wọ́n ní kí n lọ fi kọ́ṣẹ́.

Dei-Dei, ẹ̀yìn ọjà pákó, ni ẹ̀rọ mi wà.
Ibẹ̀ ni bàbá mi Ládòkun ti la igi fún ọdún mọ́kànlélógún,
tí ayùn fi mú ìka méjì lọ́wọ́ òsì wọn.
Wọ́n á gbóòórùn igi kí wọ́n tó wò ó:
arère nìyí; èyí, apá ni, ẹ má tàn mí.
Èmi, omi ni mo fi ń la igi tèmi.
Ayùn mi ní eyín dáyámọ́ńdì,
ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀,
ẹrẹ̀ funfun ń ṣàn sí mi lápá.

Mo là á sí méjì. Mo ha á, mo dán an, mo fi awọ nù ún.
Ìlà yọ lórí ìlà, ọdún lórí ọdún,
mọ́kàndínlógún.
Ìkejìlá tín-ín-rín bí irun.
Òjò kò rọ̀ lọ́dún yẹn,
kò sì sí ẹnìkan láyé tó lè tọrọ rẹ̀.

Mo gbé e sí imú bíi ti bàbá mi.
Òórùn òjò àkọ́rọ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Oníbàárà kan láti Màítámà fẹ́ fi ṣe òrùka.
Ó ní, igi wo ni?
Mo ní mi ò mọ̀,
ó wó kí ẹnu kankan tó wà tó lè pè é.
Mo ta ìlàjì fún un.

Ìlàjì kejì wà lápò mi.
Tí òjò bá dá, màá padà sí Wúrò Dólé,
màá gbé òkúta tí kò ní bú dání.
Mo ti dán mẹ́rin wò. Mẹ́ta bú.
Ẹ̀kẹrin ṣì wà nínú iná.